Ní Ọ́fíìsì Ìwé Ìbí, Kétu

Mo ti Àjàṣẹ́ gbé e wá lórí itan,
nínú páálí tí mo fi ìró ìyá mi wé,
nítorí kòtò ọ̀nà Pobẹ̀ kò mọ ẹrù ẹlẹgẹ́.
Awakọ̀ bèèrè pé rédíò ni àbí kí ni.
Mo ní ẹnu ni,
ẹnu tí a fẹ́ fi sára ẹ̀rọ kan ní Kétu
kó lè sọ ohun tó mọ̀ fún ẹlòmíràn
kó tó kú.

Baba Bísíríyù ló ṣílẹ̀kùn.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀.
Kí n tó jókòó, ó gbé ìwé kan fún mi:
ikán ti gba ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀,
ó jẹ oṣù kẹta, ó jẹ oṣù kẹrin, ó ku èèpo.
"Gbogbo ọmọ àkọ́rọ̀ òjò ọdún yẹn," ó ní,
"wọ́n wà láyé, wọn ò sí nínú ìwé."

Mo pa iná. Mo yọ wáyà lára ògiri.
Mo fọwọ́ kan irin kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun,
torí ọyẹ́ mú, mànàmáná wẹ́wẹ́ sì ń gbé lára aṣọ èèyàn.
Nígbà tí mo ṣí ẹ̀gbẹ́ sáfà,
eruku pupa ti tẹ́ ẹní síbẹ̀.
Ọmọ aláǹgbá kan, gbígbẹ bí ewé tábà,
sùn ti fáànù.
Baba fi èékánná gbé e jáde. Kò sọ nǹkan kan.

Mo ti ẹ̀rọ teepu wọ àlàfo òkè, jẹ́ẹ́jẹ́,
nọ́ọ̀tì mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì;
ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ mi,
Baba tó ní ojú òun ti ṣú ló rí i lábẹ́ tábìlì.
Mo so wáyà fífẹ̀ tó rí bí ìgbànú,
mo dé ìdérí sí ibi tó pin sí,
nítorí ọ̀rọ̀ tí kò bá rí ibi kú sí lórí wáyà
á padà wá bá ara rẹ̀
bí igbe ẹni tó pariwo sínú kànga.

Mo taná.
Sáfà jí, ó ń ka ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Kò dárúkọ àlejò.

Mo tú u. Mo tún un dè. Ẹ̀ẹ̀mẹta.
Òógùn bò mí nínú ọyẹ́.
Baba fa àga súnmọ́ mi: "Báwo ló ṣe ń dá wọn mọ̀?"
Mo ní nọ́ńbà ni, oníkálùkù ló ní tirẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwé ọdún '61.
Ṣàfúrátù méjì, ilé kan, ọjọ́ kan,
ọmọ ìyáálé àti ọmọ ìyàwó.
Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ẹni tó ṣáájú mi fún àwọn méjèèjì.
Nígbà tí ọ̀kan fẹ́ lọ Mẹ́kà, wọ́n ní ó ti kú."

Mo wo ẹ̀yìn teepu. Mo wo ẹ̀yìn díìsìkì.
Èjì. Èjì.
Mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ sọ àlejò di ẹ̀fà.

Ó gbà.
Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké,
bí ẹni ń lọ ata ní agboolé kejì.
Orúkọ ń wọlé. A jókòó, à ń gbọ́.
Ti Baba wà nínú wọn, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ rẹ̀:
a bí i ní nǹkan bí ọdún 1946.
Mo bi í bóyá kí n tún un ṣe.
"Fi 'nǹkan bí' sílẹ̀. Òun ni òtítọ́ ibẹ̀."

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Ogun ti sun ìlú yìí rí, ikán ò sì tíì lọ.
Nírọ̀lẹ́ mo yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́.
Baba ṣí fìlà, ó wé e sínú rẹ̀,
ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé àbúrò rẹ̀ ní Òpómẹ́ta,
orí lásán nínú eruku,
síbi tí ikán ibí kò mọ̀.